Ìpàdé Lórí Ọ̀rọ̀ Wúràolúwa

Ní gbọ̀ngàn kan ní Bàrígà, wọ́n ń yan àwọn ọmọ tí yóò ṣeré orí ìtàgé. Ó kan Wúràolúwa.

Fóònù Bọ́lárìnwá, bàbá àgbà rẹ̀, dún. Ọládiméjì, àbúrò bàbá náà, ni.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹbí ti pé ní Ṣómólú. Òní la ó fòfin de eré tí ọmọ yẹn ń ṣe. Ṣé ó fẹ́ sọ ilé wa di ilé aláwàdà ni?"

"Ẹ fòfin dè é."

Ojú ọmọ náà rẹ̀wẹ̀sì. "Bàbá, wọn ò ní jẹ́ kí n ṣe é?"

"Gbójú sókè. Sọ̀rọ̀ kí ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá gbọ́."

Ó gun orí ìtàgé. Fóònù tún dún.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa bọ̀ jàre. A ò lè bẹ̀rẹ̀."

"Kí ló dá yín dúró?"

"Ta ni yóò fọwọ́ sí i? Ṣé ẹ̀yin kọ́ ni olórí ẹbí ni?"

"Èmi ni. Ẹ jókòó dè mí. Wúrà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni."