Abọ́ Yanrìn Tí Lìádì Dà Nù

Ẹ̀yin ará, bí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí, ẹ má fi í sílẹ̀ lágbedeméjì. Ẹ kà á tán pátápátá kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Àwọn kan ń sọ ọ́ káàkiri pé ológbò ló lé Lìádì kúrò ní Jẹ́dà. Wọ́n ní àjẹ́ ni. Irọ́ ni! Mo kọ̀ ọ́, màá sì máa kọ̀ ọ́ títí. Ẹ gbọ́ bó ṣe rí gan-an.

1.

Ìgbà tí owó epo ń ya wọ Sáúdì bí omi ni, tí wọ́n ń kọ́lé sí gbogbo kọ̀rọ̀ Jẹ́dà. Lìádì, ọmọ Ìṣẹ́yìn, wá ṣe hájì, kò sì padà sílé mọ́. Ó ń ṣe iṣẹ́ wẹ́dà ní àdúgbò Al-Mahjar. Òun àti Kabirat ìyàwó rẹ̀, àti Amna, ọmọ ọdún méje tí wọ́n bí síbẹ̀, jọ ń gbé yàrá kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní àdúgbò Al-Nuzlah. Wọn kò ní ìkámà, ìwé ìgbélùú tí ọlọ́pàá máa ń béèrè. Nítorí náà, títì ni ilẹ̀kùn wọn máa ń wà tọ̀sán-tòru. Ẹni tó bá kàn án lẹ́ẹ̀mẹta léraléra nìkan ni wọ́n ń ṣí i fún.

Lọ́dún náà, Ọlọ́run ṣàánú wọn. Salih, ọ̀gá Lìádì, sọ fún un pé, "Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kó pásípọ́ọ̀tù yín wá. Màá bá yín gba ìkámà."

Kabirat sunkún ayọ̀. Lìádì kó pásípọ́ọ̀tù pamọ́ sínú páálí àkísà lábẹ́ ibùsùn, kò sì sọ fún ìyàwó rẹ̀. Ó kàn ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan páálí náà. Ọlọ́pàá wo ni yóò máa tú àkísà? Ọgbọ́n tirẹ̀ nìyẹn.

2.

Eku ń yọ wọ́n lẹ́nu nínú ilé. Àlàájà Hasna, arúgbó kan ládùúgbò tí wọ́n bí sí Mẹ́kà ṣùgbọ́n tó kọ́ Yorùbá lẹ́nu ìyá rẹ̀, ṣèlérí ọmọ ológbò kan fún Amna.

"Ẹ tún ilé ṣe kó tó dé o," ló wí. "Ẹ fi àwọ̀n dí fèrèsé. Ẹ kó abẹ́rẹ́ àti òwú kúrò nílẹ̀. Ẹ gbé abọ́ yanrìn sí kọ̀rọ̀ kan, ibẹ̀ ni yóò ti máa ṣe ìgbọ̀nsẹ̀. Bí kò bá rí yanrìn, yóò fúnra rẹ̀ wá ibi tó rọ̀, tó sì ṣókùnkùn. Wallahi, mo ti sọ fún yín."

Kabirat dí fèrèsé, ó kó abẹ́rẹ́ kúrò nílẹ̀. Amna lọ bu yanrìn níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé, ó gbé e sí kọ̀rọ̀. Ni Lìádì bá ti ibi iṣẹ́ dé.

"Kí lèyí?"

"Ilé ìgbẹ́ ológbò ni, Bàbá Amna."

"Ilé ìgbẹ́ kẹ̀? Ṣé ọba ló ń bọ̀ ni? Ní Ìṣẹ́yìn, ta ló ń gbé yanrìn kalẹ̀ fún ológbò? Ṣebí ìta ló ń lọ!"

"Ní Ìṣẹ́yìn," Kabirat dáhùn, "ṣíṣí ni ilẹ̀kùn wa ń wà."

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún ọ̀rọ̀ obìnrin yẹn kà. Gbogbo ìtàn náà ló wà níbẹ̀. Lìádì kò gbọ́ ọ. Ó gbé abọ́ jáde, ó da yanrìn sí títì. Amna tún lọ bù ú wá, ó tún dà á nù. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ó da yanrìn nù, ó sì fi ẹsẹ̀ fọ́ abọ́.

3.

Ọmọ ológbò dé. Amna sọ ọ́ ní Sukkar, ìyẹn ṣúgà. Eku sá lọ. Ṣùgbọ́n lójoojúmọ́ ni Sukkar ń ha ilẹ̀kùn, tó ń ké, ẹnikẹ́ni kò sì ṣí i fún un. Nígbà tó yá, ó dákẹ́. Ó ti rí ibi tó rọ̀.

"Bàbá Amna, ilé yìí ń rùn," ni Kabirat wí. "Ẹ jẹ́ n tú abẹ́ ibùsùn."

"Mo ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan páálí yẹn! Gọ́tà ìta ló ń rùn."

4.

Ọjọ́ tí Salih dá pé. Lìádì fa páálí jáde, ó tú u. Ìtọ̀ Sukkar ti mú kí àwọn pásípọ́ọ̀tù rin gbingbin, ewé wọn ti lẹ̀ mọ́ra, tàdáwà ti ṣàn, fọ́tò ti ṣí. Salih gbìyànjú, ó kó wọn lọ bẹ́ẹ̀ náà, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba dá wọn padà. Wọn kò rí orúkọ kankan kà nínú wọn.

"Mo ti ṣe tèmi, Lìádì," Salih wí. "Ẹlòmíràn ni màá fi sí ààyè yẹn."

Lìádì délé, ó gbá Sukkar lọ́rùn mú. "Àjẹ́! Wọ́n rán an sí mi ni! Láti òkè yìí ni màá ti jù ú sílẹ̀ lónìí!"

Amna dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó na apá méjèèjì. Èdè Lárúbáwá ló kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀: "Lā! Lā!" ìyẹn "Rárá! Rárá!" Lẹ́yìn náà ló wá pariwo ní Yorùbá: "Mo bu yanrìn wá lẹ́ẹ̀mẹta, Bàbá! Ẹ̀ẹ̀mẹta!"

Kabirat lọ dúró tì í. "Bí ẹ bá jù ú, Bàbá Amna, ẹ ju àwa náà."

Lìádì wo àwọn méjèèjì. Ó gbé ológbò sílẹ̀.

5.

Kò pé oṣù méjì, ọlọ́pàá béèrè ìkámà lọ́wọ́ Lìádì nínú bọ́ọ̀sì ní Al-Aziziyah, ní Mẹ́kà, kò ní, wọ́n sì mú un. Wọ́n kó Kabirat àti Amna mọ́ ọn, wọ́n sì dá gbogbo wọn padà sí Nàìjíríà. Ọ̀dọ̀ Àlàájà Hasna ni Sukkar kù sí. Amna sunkún títí bàálù fi balẹ̀.

Ní Ìṣẹ́yìn, Amna tún rí ọmọ ológbò mìíràn. Kó tó gbé e wọlé, ó bu yanrìn sínú abọ́, ó gbé e síwájú bàbá rẹ̀ gan-an. "Bàbá, ẹ ò ní da èyí nù."

Àwọn ará ilé rẹ́rìn-ín. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu, ìta sì wà níbẹ̀. Lìádì dìde, ó gbé abọ́ náà. Ó wò ó pẹ́.

"Yanrìn yìí kò tó," ló wí, ó sì jáde lọ bu sí i.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ ṣọ́ra o! Ohun abẹ̀mí tí ẹ bá fẹ́ mú wọlé, ẹ kọ́kọ́ tọ́jú ààyè rẹ̀. Ẹ má fi ìgbéraga da ìmọ̀ràn àgbà nù, ẹ má sì fi ohun tó kan gbogbo ilé pamọ́ fún aya yín. Bí ẹnikẹ́ni bá sì tún pe ológbò yẹn ní àjẹ́ níwájú yín, ẹ bi í pé ta ló da yanrìn nù. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ.