Òkè Tí Moradéyọ̀ Pa Rẹ́

Ilẹ̀ erékùṣù náà tẹ́ pẹrẹsẹ. Síbẹ̀, àwòrán sátẹ́láìtì ń fi òkè kékeré kan hàn létí òkun. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Moradéyọ̀, tó ń wọn gíga ilẹ̀ ibẹ̀, ti pa á rẹ́ lórí máàpù rẹ̀, ó ní àṣìṣe ẹ̀rọ ni.

"Ọmọ mi, jẹ́ ká máa lọ," ni Bàbá Ayétìmíyì tó fi ọkọ̀ gbé e wá wí nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú. "A kì í sùn síbí."

"Ẹ máa lọ, Bàbá. Ẹ wá gbé mi láàárọ̀."

Ìró ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà ò tíì dákẹ́ tán tí àwòrán tuntun fi wọlé. Òkè náà ti dé ẹ̀yìn àgọ́ rẹ̀. Ó figbe pe Bàbá, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ti jìnnà. Ó yára pa òkè náà rẹ́.

Ilẹ̀ abẹ́ àga rẹ̀ rọra gbé e sókè, ó sì rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀, bí àyà ẹni tó ń sùn.