Ańpù Tó Ń Kú Bí Ó Bá Gbóná

Oòrùn ti mú ganrínganrín nígbà tí Màmá Títílayọ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ Oǹdó pẹ̀lú ańpù, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá sókè, tó fi ògbólógbòó ìró dì. Ọlọ́kadà kan ló bá a gbé e dé ṣọ́ọ̀bù Dúrótoyè, atún-ẹ̀rọ-ṣe, ní Arákàlẹ̀, l'Ákùrẹ́.

"Bàálé mi ló ní kí n gbé e wá," ni Màmá wí. "Bó bá ti gbóná ló ń kú. Kí orin kẹrin tó parí, ohùn rẹ̀ á ti wọlé lọ."

Dúrótoyè tú ẹ̀yìn rẹ̀. Ańpù ayé àtijọ́ ni, èyí tó ń lo fáàfù, àwọn ìgò kéékèèké tó máa ń pọ́n bíi gílóòbù bí iná bá wọ̀ wọ́n. Irú rẹ̀ kò wọ́pọ̀ mọ́. Ara Dúrótoyè yá gágá.

"Ṣé kò sí ẹni tó lè tún un ṣe l'Óǹdó ni, Màmá?"

"Ó wà. Ẹ̀yìnkùlé wa gan-an ló wà." Màmá yíjú sí títì. "Ẹ má wulẹ̀ kánjú, ọ̀gá."

Síbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ kò lè jókòó. Ó ń lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó ń bọ̀. Fóònù rẹ̀ ń dún ṣáá, ó ń wò ó, kò gbé e. Dúrótoyè rò pé ọkọ̀ tí yóò wọ̀ padà ló ń dà á láàmú, ni òun náà bá ń yára, òógùn ń kán bọ́ sí i lójú.

Ó so gìtá kan tó wà ní ṣọ́ọ̀bù mọ́ ańpù, ó ta á. Ohùn jáde rere. Ó mọ irú àrùn bẹ́ẹ̀. Àfi kí ooru jí i. Ó yá ẹ̀rọ ìgbẹrun lọ́wọ́ onídìrí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń fẹ́ ooru sí àwọn ẹ̀yà inú ańpù níkọ̀ọ̀kan, ó ń fọwọ́ kejì ta okùn gìtá. Nígbà tó dórí kapasítọ̀ kékeré kan tó fara ti fáàfù tó gbóná jù, ohùn gìtá há, ó rẹlẹ̀, ó dákẹ́.

Màmá mí kanlẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tó jókòó nìyẹn.

"Ẹ ò rí ọ̀daràn náà?" Dúrótoyè rẹ́rìn-ín.

Ó yọ ọ́, ó fi léèdì jó tuntun rọ́pò rẹ̀ níbi tó jìnnà sí fáàfù. Ó wá da aṣọ bo ańpù náà kí ooru lè mú un dáadáa, ó ń ta gìtá. Orin kẹrin kọjá. Orin kẹfà kọjá. Ohùn dúró digbí. Màmá ti tún dìde.

"Ṣé kò wá ní kú mọ́ rárá?"

"Kò ní kú mọ́, Màmá. Kí Bàbá máa ta á di àfẹ̀mọ́júmọ́."

Fóònù tún dún. Lọ́tẹ̀ yìí, ó gbé e. Ohùn bàbá àgbàlagbà kan jáde ketekete: "Ìyá Títí, ṣé ó ti gbádùn? Mo ti so okùn tuntun mọ́ gìtá o!"

"Wọ́n ṣì ń wò ó," ni Màmá dáhùn, ó sì pa fóònù.

Dúrótoyè gbójú sókè wò ó.

"Èyí tí ẹ yọ dà?" ni Màmá bi í.

Ó dun Dúrótoyè díẹ̀. Àwọn oníbàárà kan kì í gbà pé wọ́n pààrọ̀ nǹkan àfi bí wọ́n bá rí ògbólógbòó rẹ̀. Ó mú kapasítọ̀ náà nílẹ̀, ó fi lé Màmá lọ́wọ́. Màmá nà án padà sí i.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a padà síbi tí ẹ ti yọ ọ́," ni ó wí, "dókítà ní ọkàn bàálé mi ò gba eré gígùn mọ́, kò sì gbọ́ tẹnikẹ́ni, bí ańpù yìí ò bá máa kú, bàálé mi ló máa kú."