Férémù Ọ̀gánwó

"Igi tó wúwo báyìí. Ṣé àwòrán lẹ fẹ́ gbé kọ́ ni àbí erin?" Gbẹ́nàgbẹ́nà ń fá pákó ọ̀gánwó náà lọ.

Obìnrin tó gbé e wá rẹ́rìn-ín. "Ìyá mi ló ní kó wúwo. Òpó ilẹ̀kùn wa ni. Ẹ má fá àwọn ìlà yẹn o. Bàbá mi ló ń fi wọ́n wọn gíga mi kí wọ́n tó bá tiwọn lọ."

Ìfági dúró.

"Wọ́n ti kú sájò, ṣùgbọ́n wọn ò jẹ́ kí ìyá mi sùn. Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń kanlẹ̀kùn lójú àlá."

Nígbà tí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin so pọ̀ tán, gbẹ́nàgbẹ́nà kó ìṣó sẹ́nu bí ìṣe rẹ̀. Obìnrin náà tú àwòrán bàbá rẹ̀ kúrò nínú ìwé ìròyìn. Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tí gbẹ́nàgbẹ́nà ti rí ojú yẹn gbẹ̀yìn nínú dígí.

"Ẹ kàn án pa dáadáa, kí wọ́n má lè jáde mọ́."

Ó ń yọ ìṣó lẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kàn án. Èyí tó kẹ́yìn wọlé. Ẹnu rẹ̀ ṣófo.

Obìnrin náà gbé férémù sábẹ́ abíyá. "Ẹ ṣeun, bàbá."