Ràúdátù Tí Kì Í Dúró Gbọ́ Parí

Ẹ ka ìtàn yìí dé òpin o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ má kà á dé ìdajì kí ẹ sọ pé ẹ ti mọ ibi tó ń lọ. Ìdajì ọ̀rọ̀ ló ba ayé obìnrin inú rẹ̀ jẹ́.

1.
Láyé ìgbà tí òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń la ọ̀nà rélùwéè wọ Ìlọrin, obìnrin kan wà tó ń mọ ìkòkò ní Òkèlélé. Ràúdátù lorúkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ bá wọn lọ síbi iṣẹ́ rélùwéè, kò padà wálé láàyè. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí wà nílé ọkọ ní Òkè-Oyi. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, Ràúdátù a gbé ọwọ́ lé àyà, a ní, "Nǹkan kan jókòó síbí yìí, kò fẹ́ dìde."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá àlàáfíà kiri nìyẹn. Ibi tí wọ́n bá ti ń ṣe wàásí, ẹ ó bá a níbẹ̀. Ilé tí wọ́n bá ti ń fọ wàláà, tí wọ́n ń pín omi hàǹtú fún aláìsàn mu, ó ti gbé igbá tirẹ̀ dání. Mọ́lúùdì, àdúà, ilé ìyá tó ń fi òrí ra ẹsẹ̀ fún èèyàn, kò sí èyí tí kò dé.

Ìyẹn ò burú. Ohun tó burú ni pé kì í dúró. Bó bá ti gba ìpín tirẹ̀, ó dìde nìyẹn, torí wọ́n ń ṣe òmíràn ládùúgbò kejì. Nígbà tí àwọn yòókù bá ń ká ẹní, tí wọ́n ń bi ara wọn léèrè ilé àtọmọ, Ràúdátù ti dé ojú ọ̀nà.

2.
Ẹnìkan kì í dá ìkòkò sun. Àwọn obìnrin ebu, ibi tí wọ́n ti ń mọ ìkòkò, a to ìkòkò gbogbo wọn jọ sójú kan, wọn a fi igi àti koríko gbígbẹ bò ó, wọn a tiná bọ̀ ọ́, wọn a wá yí i ká. Ibi tí atẹ́gùn bá ti ṣí i, ẹni tó sún mọ́ ọn a sáré fi koríko dí i, ì báà jẹ́ ìkòkò ta ló wà níbẹ̀. Bí atẹ́gùn bá lu ìkòkò gbígbóná, sísán ló ń sán. Ìdí iná yẹn ni wọ́n ti ń ṣàwàdà, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń sunkún ẹni tó kú, títí eérú á fi tutù.

Lọ́jọ́ kan, Ràúdátù pẹ́ dé ebu. Àbẹ̀ní, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, rí i lókèèrè.

"Ìyàwó wàásí! O káàbọ̀ o! Àlàáfíà tí o gbà bọ̀ lónìí dà? Bù ú wá ká jọ lá!"

Gbogbo ebu bú sẹ́rìn-ín.

"Àbẹ̀ní, èmi lo fi ń ṣe yẹ̀yẹ́?"

"Ọ̀rẹ́ mi, àárò rẹ ló ń sọ wá. Jókòó tì wá."

Kò jókòó.

3.
Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó lọ síbi wàásí Alfa Ọ̀ṣẹ́nì. Àgbà Alfa yìí ń sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó ní, "Ẹ jìnnà sí ẹni tó bá ń fi ìbànújẹ́ yín ṣe ẹ̀rín."

Ọkàn Ràúdátù lọ tààrà sí ẹ̀rín ebu. Àbẹ̀ní ni! Ó ká ẹní rẹ̀. Hajarat, ọmọbìnrin tó jókòó tì í, fà á láṣọ: "Ìyá, Alfa ò tíì parí o."

"Èyí tí mo wá gbọ́, mo ti gbọ́ ọ."

Ó lọ gba hàǹtú ní agboolé kejì.

4.
Ẹ wá gbọ́ o. Láti ọjọ́ náà ló yan Àbẹ̀ní àti gbogbo ebu lódì. Ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ló ti ń mọ ìkòkò. Nígbà tí ọyẹ́ dé, tí ìkòkò rẹ̀ pọ̀, ó dá iná tirẹ̀.

Iná ràn. Atẹ́gùn dìde. Ó dí ọ̀tún, òsì ṣí. Ó sáré dí òsì, ẹ̀yìn ṣí. Ìkòkò àkọ́kọ́ dún pàù! Bó ti gbójú sókè báyìí, Àbẹ̀ní ló rí tó ń sáré bọ̀, koríko kún apá rẹ̀.

"Ràúdátù, sún síbẹ̀, jẹ́ kí n dí i!"

"Má fọwọ́ kan iná mi!"

"Ìkòkò rẹ ń sán!"

"Kó sán. Mo ní má fọwọ́ kàn án!"

Àbẹ̀ní dúró. Ó wo iná, ó wo ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó rọra kó koríko náà sílẹ̀ lẹ́bàá ibẹ̀, ó sì lọ. Ìkòkò ń dún pàù, pàù lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí iná kú, àpáàdì ni gbogbo rẹ̀.

5.
Kí ọyẹ́ tó lọ, àìsàn dá Àbẹ̀ní gúnlẹ̀. Ó ránṣẹ́ pe Ràúdátù. Ràúdátù ní, "Ó tún fẹ́ rẹ́rìn-ín ni." Ó tún ránṣẹ́. Ràúdátù gba ibi Mọ́lúùdì lọ. Ìgbà tó fi ti ibẹ̀ dé, wọ́n ti sin Àbẹ̀ní.

Hajarat ló wá kí i. Ràúdátù ní, "Alfa ṣáà ní ká jìnnà sí wọn."

Ẹnu ya ọmọbìnrin náà. "Ìyá, ẹ ò dúró ni. Alfa ní, 'Ṣùgbọ́n kí ẹ tó jìnnà, ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè. Bóyá ìfẹ́ ló fi ń rẹ́rìn-ín. Kò sì tọ́ kí mùsùlùmí yan ẹnìkejì rẹ̀ lódì kọjá ọjọ́ mẹ́ta.'"

Ràúdátù dìde. Ó jáde sẹ́yìn ilé. Koríko Àbẹ̀ní ṣì wà níbẹ̀, kò sí ẹni tó tú u.

6.
Ó padà sí ebu. Wọn ò lé e, wọ́n sún fún un. Àmọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ọ̀tún, níbi tí Àbẹ̀ní máa ń jókòó sí, òfìfo ni. Bí wọ́n bá sun ìkòkò tán, tí gbogbo wọn ń lọ, òun nìkan a jókòó ti eérú.

"Ìyá Ràúdátù, ó ti tó. Ẹ máa bọ̀ nílé."

"Ẹ máa lọ. Kò tíì tutù."

Eérú náà á sì ti tutù tipẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, mo bẹ̀ yín. Ẹ wá ìlera, ẹ lọ síbi àdúà, ẹ lọ síbi tí ẹ ó ti gbọ́n sí i. Ṣùgbọ́n ẹ má gba ìpín tiyín kí ẹ sá lọ, ẹ má sì fi ìdajì ọ̀rọ̀ Alfa gé okùn ọ̀rẹ́. Ẹni tó ń sáré kó koríko bọ̀ wá síbi iná yín, òun gan-an lè jẹ́ oògùn tí ẹ ń wá. Bí ẹnìkan bá wà tí ẹ ń yàn lódì, ẹ lọ kí i kí oòrùn òní tó wọ̀.

Àgbọ́ìgbọ́tán, ìjà ní í dá sílẹ̀.