Àgádágodo Ẹnu Kànga

Ẹ súnmọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ, kí ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Abà Ìdí-Àfọ̀n lọ́dún tí ọ̀gbẹlẹ̀ fa odò ibẹ̀ mu tán. Díákónì Ajíbóyèdé ló ń darí àdúrà níbẹ̀. Ohùn rẹ̀ dùn lórí àga ìwàásù, ṣùgbọ́n ìgbéraga ti kọ́lé sí i láyà.

Àwọn kan tó ń mú ìdàgbàsókè lọ sí ìgbèríko gbẹ́ kànga ẹlẹ́rọ sáàárín abà. Wọ́n ní, "Ẹ̀tọ́ gbogbo ẹni tó ń mí ni omi yìí. Ẹ má fi du onílé, ẹ má fi du àlejò." Wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ àgádágodo ẹnu rẹ̀ sọ́wọ́ Díákónì kí àwọn ọmọdé má baà fi ẹ̀rọ ṣeré. Láti ọjọ́ náà ló ti di ọba omi. Àmù tí ìyá rẹ̀ olóògbé máa ń pọn kún lẹ́nu ọ̀nà fún èrò tó ń kọjá, ó dojú rẹ̀ délẹ̀. Ó fẹ́ kí wọ́n máa wá bẹ òun.

Lọ́jọ́ kan, Ene, obìnrin Àgátú tó bá ọkọ rẹ̀ wá ṣe àgbàro, gbé kẹ́ẹ̀gì dé. Ọmọ tó pọ̀n sẹ́yìn gbóná bí ààrò.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, omi díẹ̀. Ọmọ yìí ò lè sunkún mọ́."

"Ṣé bàbá tìrẹ ló bá wa gbẹ́ ẹ ni?"

"Odò ti gbẹ, bàbá."

"Ó dáa, gbójú sókè, kí o máa retí òjò."

Àwọn tó tò síbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ìyá Súfúrátù nìkan ló kùn pé, "Háà, Díákónì! Omi ló tọrọ o, kò tọrọ ilé yín." Díákónì ti àgádágodo pa, ó wọlé lọ.

Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, tí ewúrẹ́ pàápàá ti sá sábẹ́ àká, ó gbọ́ ìró ẹ̀rọ: kíìn-kẹ́, kíìn-kẹ́. Ta ló ń jí omi? Ó sáré jáde. Kò sí ẹnikẹ́ni. Àgádágodo wà ní títì, apá ẹ̀rọ ò mì, síbẹ̀ ìró náà ò dákẹ́. Ó wolẹ̀. Ipa ẹsẹ̀ tútù kan la erùpẹ̀ gbígbẹ já, láti ìdí kànga lọ sí ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀. Ọmọ-ìka kékeré ò sí ní ẹsẹ̀ òsì.

Ìyá rẹ̀ ni ejò bù jẹ ní ọmọ-ìka yẹn, tí wọ́n fi gé e kúrò.

Ó tẹ̀ lé ipa náà. Àmù ti nàró! Ó bojú wo inú rẹ̀: kò sí omi. Ṣùgbọ́n láti ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni èémí ọmọ kékeré ti ń jáde, hẹ̀ẹ̀... hẹ̀ẹ̀..., ó ń rọlẹ̀, ó ń jìnnà. Kò béèrè ọmọ ta ni. Ó fẹ́ ké pe Jésù, ahọ́n rẹ̀ lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu. Ẹni tó ń gbàdúrà fún gbogbo abà kò rí itọ́ fi pe orúkọ Olúwa rẹ̀!

Ó ṣí àgádágodo, ó fa omi kún kẹ́ẹ̀gì kan, ó fi orí ara rẹ̀ rù ú dé ahéré Ene. Ìyá ọmọ ń kán an sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀, títí ọmọ fi figbe ta. Nígbà náà ni Ene bu ife kan, ó kúnlẹ̀ fún Díákónì.

"Ẹ káàbọ̀, bàbá. Ẹ mu omi ná."

Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni ìyá rẹ̀ máa ń sọ fún gbogbo àlejò. Ó mu ún, ahọ́n rẹ̀ tú, ó sì bú sẹ́kún.

Àgádágodo ò padà sí ẹnu kànga mọ́. Àmù náà wà lẹ́nu ọ̀nà Díákónì títí di òní. Bí omi inú rẹ̀ bá fẹ́ẹ́ tán lọ́sàn-án gangan, òun nìkan ní í gbọ́ kíìn-kẹ́, kíìn-kẹ́, kíá ni yóò sì dìde.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹni tí Ọlọ́run fi ṣọ́ omi, olùṣọ́ ni, kì í ṣe olómi. Ohun tí Ẹlẹ́dàá dá fún gbogbo ọ̀fun, ẹ má fi du ẹnikẹ́ni, ìbáà jẹ́ àjèjì. Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.