Ilé Ọ̀gá Náà Á Gbẹ Lónìí

Baba Olómi ki kọ́kọ́rọ́ gígùn bọ ihò irin tó wà lójú títì, ó ń yí i tìbínú-tìbínú. Páìpù ilé ọ̀gá rẹ̀ ló ń tì.

Ọ̀gá wo gan-an? Ọmọ tóun fọwọ́ ara òun kọ́ níṣẹ́! Ìgbà tí ìjọba gbé omi ìlú fún ilé-iṣẹ́ aládàáni, ọmọ yìí ni wọ́n fi jọ̀gá, torí pé ó ń gbé báàgì tẹ̀lé káńsẹ́lọ̀. Lóṣù tó kọjá, ó gbé ìwé wá láti òkè: kí wọ́n ti omi gbogbo àdúgbò tí kò dìbò fún káńsẹ́lọ̀. Àdúgbò Baba Olómi wà níbẹ̀. Omi ilé ọ̀gá ń ya gbùúù, wọ́n fi ń fọ mọ́tò. Bó bá ti rí mọ́tò yẹn, àfi bí ẹni ta ata sí i lójú.

"Ká jọ gbẹ!" Ó yí i délẹ̀.

Fóònù dún. Ìyàwó rẹ̀ ni.

"Olówó orí mi, omi mà dá lójijì! Garawa kan péré ni mo tíì pọn."

"Omi wo? Ṣebí ọlọ́kọ̀ omi lò ń rà lọ́wọ́ ẹ̀?"

Baba Olómi gbé ìgò omi tó gbé wá látilé, ó bu ẹnu kan.

"Ẹ má bínú. Ilé ọ̀gá yín ni. Òun ló ní kí n máa wá pọn láràárọ̀. Ó ní ọ̀gá òun lẹ jẹ́, kí n má sọ fún yín, kójú má baà tì yín."

Omi kún ẹnu Baba Olómi. Kò ṣe é gbé mì, kò ṣe é tu dànù.